Kónílé-ó-gbélé dé, adìẹ ò gbọ́: bí ẹ ṣe máa dá ọgbà adìẹ yín dúró lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn

Ẹ̀yin ọlọ́sìn adìẹ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, torí àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ yìí kì í yé bi mí pé "ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ṣe é nígbà Kòró, ìyẹn COVID-19?", mo wá rí i pé tí mo bá ń sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, mi ò ní sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Apá Ọ̀dẹ̀dá ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni oko mi wà. Lóṣù kẹta ọdún 2020, mo ní lẹ́yà, ìyẹn adìẹ ẹlẹ́yin, ẹgbẹ̀rún kan, mo sì ní bróílà, ìyẹn adìẹ ẹlẹ́ran, 400 tí mo ń bọ́ de Àjíǹde, tó bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin lọ́dún náà. Ààrẹ Buhari wá bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ó ní káwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé fún ọjọ́ 14, kó bẹ̀rẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì. Ní tiwa ní Ògùn, gómìnà bẹ̀bẹ̀ fún àyè díẹ̀ láti fi ṣètò oúnjẹ, torí ẹ̀ ló ṣe jẹ́ Fúráìdé ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ 14 tí wọ́n dá, wọ́n tún fi 14 mìíràn lé e, ìjọba àpapọ̀ ò bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn títí di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún.

Wọ́n ní oúnjẹ ò sí lára ohun tí wọ́n tì, òótọ́ ni, àmọ́ ta ló máa ra ẹyin? Ilé ìwé ti tì, hòtẹ́ẹ̀lì ti tì, kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsìnkú, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì àti kéèkì dín iṣẹ́ kù, àwọn ìyá onírẹsì ẹ̀gbẹ́ títì ti kó ìkòkò wọlé. Adìẹ ní tiẹ̀ ò gbọ́ ìkéde kankan, ó ń jẹ lójoojúmọ́, ó ń yé lójoojúmọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ, bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọgbà adìẹ tó kú lọ́dún yẹn lójú mi, ìpinnu tó pẹ́ ló pa á. Ẹni tó tètè mọ iye ọjọ́ tó kù fún un, tó sì tètè yan adìẹ tó máa dúró àti èyí tó máa lọ, òun ló ṣì wà nídìí iṣẹ́ dòní. Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ọjọ́, ẹ má ka àpò

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ti ìlú, ẹ má tíì sáré lọ ra fíìdì. Ẹ mú ìwé àti bírò. Lẹ́yà kan tó ti ń yé máa ń jẹ bíi gíráàmù 110 sí 120 lóòjọ́. Ẹgbẹ̀rún kan wọn á jẹ bíi kìló 115, ìyẹn ni pé àpò oníkìló 25 mẹ́rin àtààbọ̀ ó lé díẹ̀ ń lọ lójúmọ́ kan. Èmi ní àpò 60 nílé, mo rò pé mo ti ní fíìdì rẹpẹtẹ, ìgbà tí mo wá pín in ni mo rí i pé ọjọ́ 13 péré ni, ìyẹn ò tó ọjọ́ 14 tí wọ́n kọ́kọ́ dá, mi ò sì tíì fi ti bróílà kún un.

Ẹ ṣe irú ìṣirò yìí fún ẹyin náà. Tí ẹgbẹ̀rún kan bá ń yé ìdá 80 nínú 100, ẹyin 800 nìyẹn, kréètì 26 (ẹyin 30 ló ń wọ kréètì kan) àti ẹyin 20 lórí ẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti lé ní kréètì 370. Ẹ wo yàrá tẹ́ ẹ ń kó ẹyin sí, ṣé ó gbà á? Kréètì òfìfo ńkọ́, ṣé ó wà? Torí àwọn aláròbọ̀ ló máa ń dá kréètì òfìfo padà tí wọ́n bá wá kó tuntun, tí wọn ò bá wá mọ́, kréètì ò ní padà wálé, nǹkan tó kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ mi nìyẹn ṣáájú fíìdì, ọjọ́ kẹfà péré, a ti ń kó ẹyin sínú garawa tí a tẹ́ koríko gbígbẹ sí.

Omi náà ńkọ́? Adìẹ máa ń mu tó ìlọ́po méjì ohun tó bá jẹ, nígbà ooru ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ fi lítà 230 sí 250 sọ́kàn fún ẹgbẹ̀rún kan. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fi ń fa omi, ẹ ka epo pẹtiróòlù mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo ará oko ti lè rí i: fíìdì ọjọ́ mélòó, kréètì ọjọ́ mélòó, oògùn ọjọ́ mélòó, epo ọjọ́ mélòó. Èyí tí ọjọ́ ẹ̀ bá kéré jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra fíìdì pamọ́, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ jù. Fíìdì lílọ̀ tó bá ti ń lọ sí oṣù kan ju bẹ́ẹ̀ lọ, fítámì inú ẹ̀ á ti máa lọ, òróró inú ẹ̀ á máa kan, kòkòrò sì fẹ́ràn ẹ̀. Àgbàdo odindi tó gbẹ ló ń pẹ́. Ẹ gbé e lé orí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má fara ti ògiri.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan èyí tó máa dúró àti èyí tó máa lọ

Ibí ló máa ń dun èèyàn jù, torí gbogbo adìẹ ló dà bí ọmọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bróílà. Èyí tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dúró de ọdún kankan nígbà tí ìlú bá tì, torí látìgbà yẹn lọ ohun tó ń jẹ ń pọ̀ sí i, ẹran tó ń fi kún ara ń dín kù. Oníbàárà kan pè mí ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó ti Ògùn, ó fẹ́ ra igba lẹ́ẹ̀kan náà, owó tó pè kéré sí ti ọdún, mo ní rárá, mo ní Àjíǹde ń bọ̀. Àjíǹde dé, kò sẹ́ni tó jáde. Ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, igba bróílà yẹn ṣì wà lọ́rùn mi, wọ́n ti jẹ èrè wọn tán, wọ́n ti ń jẹ nínú owó lẹ́yà. Títí dòní, tí ẹnikẹ́ni bá pè mí lásìkò tí ìròyìn ò dáa, tí owó tó pè bá ti lè bo owó fíìdì àti owó ọmọ adìẹ, mo máa ń tà á.

Ó kan lẹ́yà. Kì í ṣe gbogbo lẹ́yà tó wà nínú kéèjì ló ń yé, ẹ ò sì lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Lálẹ́ tí wọ́n bá ti dákẹ́, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ máa mú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ogbe orí ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Èyí tó ń yé, ogbe ẹ̀ á pọ́n, á tóbi, á gbóná tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án. Èyí tí ò yé, ogbe á ti súnkì, àwọ̀ ẹ̀ á ti ṣí bíi ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀. Ẹ yí ìdí ẹ̀ wò: ti ẹni tó ń yé máa ń fẹ̀, á rin, àwọ̀ ẹ̀ á funfun, ti ẹni tí ò yé á kéré, á gbẹ, á yẹ́lò. Ẹ wá fi ìka wọn àárín eegun méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí yẹn, tó bá gba ìka méjì sí mẹ́ta, adìẹ yẹn ń ṣiṣẹ́, tó bá jẹ́ ìka kan ló gbà, tí eegun ẹ̀ sì le gbagidi, ẹ so òwú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kẹ́ ẹ lè dá a mọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ náà máa ń sọ òtítọ́. Lẹ́yà tó ti yé dáadáa fún oṣù mélòó kan, àwọ̀ yẹ́lò ẹsẹ̀ ẹ̀ á ti ṣí, àwọ̀ yẹn ló ń bọ́ sínú ẹyin; èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì yẹ́lò ròrò lẹ́yìn ọdún kan, oúnjẹ yín ló kàn ń jẹ.

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi wo gbogbo tèmi, mo rí 87 tí kò yé rárá. Adìẹ 87 ń jẹ kìló mẹ́wàá lóòjọ́ láìfi ẹyin kan sílẹ̀! Mo tà wọ́n láàárín àdúgbò, ẹyọ kan ẹyọ méjì, ẹnu ọ̀nà ilé ni mo ti ń tà á, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ló sì fẹ́ràn lẹ́yà àgbà fún ọbẹ̀ torí ẹran ẹ̀ máa ń dúró. Owó ẹ̀ ni mo fi ra òkúta limestone àti sóyà.

Àwọn kan máa ń dín ìmọ́lẹ̀ àti oúnjẹ kù káwọn adìẹ lè pa ìyẹ́ dà, kí wọ́n sì sinmi ẹyin yíyé fúngbà díẹ̀. Wọ́n ń ṣe é, àmọ́ ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á fi pa adìẹ, ẹ má dáwọ́ lé e láìsí dókítà ẹranko nítòsí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ dọ́gbọ́n sí fíìdì, ẹ má dọ́gbọ́n sí ikùn adìẹ

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa, ọlọ́sìn tó mọṣẹ́ ni o, nígbà tí owó ò wọlé mọ́, ó fi èérí wíìtì lú oúnjẹ ẹ̀, ìlàjì sí ìlàjì. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, ẹyin ẹ̀ já láti ìdá 80 wá sí nǹkan bíi 35. Ó padà sí oúnjẹ gidi, ó lé lóṣù kan kí wọ́n tó gbérí, wọn ò sì dé 80 mọ́ títí ó fi tà wọ́n. Ó sàn kẹ́ ẹ ní adìẹ 600 tó yó ju kẹ́ ẹ ní ẹgbẹ̀rún kan tí ebi ń pa, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìgbésẹ̀ 2 ló ṣáájú èyí.

Nínú kìló 100 fíìdì lẹ́yà, àgbàdo nìkan máa ń kó bíi 50 sí 60. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ lọ́dún yẹn, ẹ rántí ohun tí àgbàdo fojú wa rí. Bọ́dà ti wà ní títì láti oṣù kẹjọ 2019, kónílé-ó-gbélé tún bọ́ sí àsìkò tí àgbẹ̀ ń gbìn, nígbà tó di oṣù keje 2020, báńkì àgbà CBN ní àwọn ò ní fún ẹnikẹ́ni ní dọ́là láti fi kó àgbàdo wọlé mọ́. Kí ọdún tó parí, owó tọ́ọ̀nù kan ti tó ìlọ́po méjì ohun tó wà níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìjọba wá kó 30,000 tọ́ọ̀nù sílẹ̀ nínú àká orílẹ̀-èdè fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹran, wọ́n tún gba ilé iṣẹ́ mẹ́rin láyè láti kó 262,000 tọ́ọ̀nù wọlé, ó dáa, àmọ́ ẹni tó ní adìẹ ẹgbẹ̀rún kan lábúlé ò lè fi ìyẹn bọ́ adìẹ lọ́la.

Ohun tí ọwọ́ wa ká nìyí. Ẹ para pọ̀ ra, ẹni márùn-ún tàbí mẹ́wàá, kẹ́ ẹ gba ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ lọ tààrà nígbà tí àgbàdo tuntun bá jáde. Ẹ má fi ìkánjú ra èyí tí ò gbẹ, torí àgbàdo tútù máa ń bu, oró inú ẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́, kò sì sí oògùn tẹ́ ẹ lè fún un tó máa tún un ṣe tán. Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò: ẹ mú ìgò tó gbẹ dáadáa, ẹ da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan lé e, ẹ dé e, kẹ́ ẹ mi ín fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo yẹn ò tíì gbẹ tó, ẹ jẹ́ kí wọ́n sá a sí i kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí iyọ̀ bá wà lọ́tọ̀, ẹ máa kó o.

Èkejì ni èèpo ẹ̀gẹ́, èyí tó kún ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí kiri ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń dáná sun. Àwọn onímọ̀ ILRI àti IITA, àwọn ilé ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn àti iṣẹ́ àgbẹ̀, n'Íbàdàn ló ṣètò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di oúnjẹ ẹran tó dáa. Ẹ má fún adìẹ ní èèpo tútù láé, májèlé wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá bó o náà ni kẹ́ ẹ kó o, kẹ́ ẹ ṣa iyanrìn àti ìdí ẹ̀gẹ́ líle kúrò, ẹ rín in nínú ẹ̀rọ gàrí, kẹ́ ẹ rín in lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta kó kúnná, ẹ fún omi ẹ̀ nínú jáàkì mọ́jú, ọjọ́ kejì ẹ tú u, ẹ jọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sá a lórí tapólì títí á fi gbẹ wínníwínní tàbí kẹ́ ẹ yan án nínú agbada. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù máa ń di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan.

Bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó: ẹ fi rọ́pò ìdá mẹ́rin kan àgbàdo yín láti bẹ̀rẹ̀, ká ní kìló 56 lẹ ń lò, ẹ yọ 14, ẹ fi 14 èyí sí i. Àmọ́ purotéènì ẹ̀ kéré sí ti àgbàdo, torí náà ẹ fi kìló kan sí méjì sóyà kún un, kẹ́ ẹ sì wọ́n epo pupa díẹ̀ sí i, epo yẹn á dín eruku kù, á sì jẹ́ kí inú ẹyin yẹ́lò, torí tí inú ẹyin bá funfun, oníbàárà á sọ pé adìẹ yín ń ṣàìsàn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan yí i padà díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ kan.

Ohun tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ dín kù: limestone, tó máa ń wà ní kìló mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú 100, eegun lílọ̀, premix (àpòpọ̀ fítámì àti mínírà), methionine àti lysine (èròjà purotéènì), àti iyọ̀ tí ò ju gíráàmù 250 sí 300 lọ. Ẹni tó bá yọ limestone, ẹyin tí ò ní èèpo líle ló máa kó, ìyẹn ò sì ṣeé tà fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ jẹ́ kí ẹyin pẹ́ lọ́wọ́ yín

Ẹ má fọ ẹyin. Mo ń rí i tí àwọn èèyàn ń fọ ọ́ kó lè dán lójú oníbàárà, awọ fẹ́lẹ́ kan wà lára ẹyin tí Ọlọ́run fi dí àwọn ihò kéékèèké ara ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti fi omi ṣí i, ìdọ̀tí á ráyè wọlé. Èyí tó bá dọ̀tí, aṣọ gbígbẹ tàbí ìwé yanrìn fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ tà á.

Ẹ dojú ibi ṣóńṣó ẹ̀ délẹ̀, kí ibi tó tẹ́ wà lókè. Yàrá tó tutù, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí oòrùn ò wọ̀, ni kẹ́ ẹ kó o sí. Ní tèmi, mo bọ́ síbi tí a ń kó irinṣẹ́ sí tó jẹ́ ilé bíríkì alámọ̀, a fi àpò tútù bo ojú fèrèsé láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ó yàtọ̀ gan-an sí abẹ́ páànù. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ sí ara kréètì kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kó tuntun lé ògbólógbòó lórí. Bẹ́ ẹ bá ṣe é báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Èyí tẹ́ ẹ bá ń ṣiyè méjì lé lórí, ẹ fi sínú omi. Tó bá sùn sílẹ̀, tuntun ni. Tó bá nàró nísàlẹ̀, ẹ tètè jẹ ẹ́. Tó bá léfòó, ẹ gbẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ sin ín, ẹ má tà á fún ọmọ ẹlòmíì.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wá ẹnu tó máa jẹ ẹ́

Aláròbọ̀ ò lè wá mọ́, àmọ́ ikùn àwọn èèyàn ò dín kù, ilé ni wọ́n wà, àwọn ọmọ ò lọ sílé ìwé, wọ́n ń jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ sórí WhatsApp, mo ya fọ́tò ẹyin àti ti adìẹ, mo fi sí sítátọ́ọ̀sì, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù tí mo wà, ti ìjọ, ti ẹgbẹ́ ilé ìwé, ti àdúgbò. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbà wá láyè láti jáde la máa ń gbé e lọ, àárọ̀ kùtù.

Ẹ mú ọ̀gá kan ní ẹsítéètì kọ̀ọ̀kan tó máa gba orúkọ sílẹ̀, kí wọ́n fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín lálẹ́, kẹ́ ẹ gbé gbogbo ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, kẹ́ ẹ má máa fi epo wá ẹni kan kiri. Owó ò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, torí náà ẹ má fi dandan lé odindi kréètì, ẹ ta ààbọ̀, ẹ ta ẹyin mẹ́fà. Àgbẹ̀ tó ní àgbàdo tí ò ní owó, ẹ bá a ṣe pàṣípààrọ̀. Mo fún ìyá oní-gàrí kan ní kréètì méjì lọ́sẹ̀, ó ń fún mi ní èèpo ẹ̀gẹ́.

Lórí iye tẹ́ ẹ máa tà á, ẹ bára yín sọ ọ́ ní àdúgbò. Ohun tó ba ọjà wa jẹ́ lóṣù kẹrin yẹn ni pé ẹni kan á fi àádọ́ta náírà gbé e wálẹ̀, ẹnì kejì á gbé e wálẹ̀ sí i, títí gbogbo wa fi ń tà á ní owó tí ò tó owó fíìdì tó bí i.

Bróílà ní tiẹ̀, ẹ pa á, ẹ tún un ṣe, ẹ gé e, ẹ dì í sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Àmọ́ ẹ má gbára lé fíríísà tí iná ò bá dúró, epo jẹnẹrétọ̀ á jẹ owó ẹran náà tán. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, kẹ́ ẹ yan án lórí ìdáná onídúrọ́ọ̀mù títí á fi gbẹ, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ láìsí iná NEPA, ó sì níye lórí.

Àwọn kan á tún sọ fún yín pé adìẹ ló ń fa Kòró. Ẹ dá wọn lóhùn ní ìrọ̀rùn: àwọn onímọ̀ ti fi kòkòrò àrùn yẹn sára adìẹ lọ́dún 2020 láti dán an wò, kò ràn án. Ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó bù ẹran, ẹ sè é jinná, ó tán.

Ìgbésẹ̀ 6: Àjẹsára ò gbọ́dọ̀ yẹ̀

Newcastle, àrùn tó máa ń pa adìẹ lọ́pọ̀, ò mọ̀ pé èèyàn ń ṣe àìsàn tiẹ̀ lọ́wọ́. Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau ni NVRI, ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba, ti ń ṣe ọ̀pọ̀ àjẹsára adìẹ wa, nígbà tí wọ́n sì fòfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, tí wọn ò ṣí i títí di ọjọ́ 1 oṣù keje, ó ń pẹ́ kó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá lọ gbà á, flask pẹ̀lú áìsì ni kẹ́ ẹ gbé lọ, torí láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà, èyí tó bá ti gbóná lójú ọ̀nà, omi lásán lẹ ń fún adìẹ.

Lasota (àjẹsára Newcastle) inú omi: ẹ gba omi lọ́wọ́ wọn fún wákàtí kan sí méjì láàárọ̀. Omi kànga tàbí omi òjò tó mọ́ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tó ní klorínì. Ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò ní ọ̀rá sí i, bíi ṣíbí tíì kan sí lítà kan, kẹ́ ẹ tó da àjẹsára sí i. Kí gbogbo ẹ̀ tán láàárín wákàtí méjì, kí gbogbo wọn sì ráyè mu ún lẹ́ẹ̀kan náà, torí àwọn tó lágbára máa ń ti àwọn tó kéré sẹ́yìn.

Tí adìẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì, púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tà á, ẹ má pa á jẹ, ẹ pe dókítà ẹranko ti ìjọba ìbílẹ̀. Àrùn ẹyẹ, bird flu, ti wọ Nàìjíríà láti 2006, ó sì tún padà dé ní 2021 nígbà tí a ò tíì bọ́ lọ́wọ́ Kòró. Ẹ fi omi Izal sẹ́nu ọ̀nà fún ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa yí i lójoojúmọ́. Ẹni tó wá ra ẹyin ò gbọ́dọ̀ kọjá géètì, kréètì tó bá gbé wá, ẹ má kó o wọ ọgbà. Ti bébà, ẹ jó o, ti rọ́bà, ẹ fọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Òṣìṣẹ́ àti ojú ọ̀nà

Òṣìṣẹ́ tó máa sùn lóko, ẹ tọ́jú oúnjẹ, ibùsùn àti owó fóònù ẹ̀ kí ìlú tó tì. Ẹ kọ́ èèyàn méjì ní gbogbo iṣẹ́, àti bíbọ́ àti àjẹsára àti ìwé kíkọ, torí tí ẹ̀yin fúnra yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tẹ́ ẹ ní láti wà lọ́tọ̀ (nígbà Kòró, ọjọ́ 14 ni wọ́n ní kéèyàn fi wà lọ́tọ̀), ta ló máa bọ́ wọn?

Fún ojú ọ̀nà, ẹ gba lẹ́tà àti káàdì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọlọ́sìn adìẹ, PAN, kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀dà ìkéde ìjọba tó ní oúnjẹ lè kọjá, kẹ́ ẹ kọ "ẸYIN, OÚNJẸ" gàdàgbà síwájú mọ́tò. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dá mọ́tò mi tó gbé kréètì 150 dúró níbì kan, wákàtí mẹ́rin nínú oòrùn, lẹ́tà wà nílé, kò sí lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ẹyin yẹn ò bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan àwọn tó rà á ti ń pè mí. Mo dá owó gbogbo wọn padà. Látìgbà náà, aago márùn-ún ààbọ̀ ni mọ́tò wa ń kúrò nílé tí òfin bá ti gbà bẹ́ẹ̀, lẹ́tà sì wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíà.

Ìgbésẹ̀ 8: Gbèsè, àti ọmọ adìẹ tuntun

Ẹni tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè fíìdì, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè é, ẹ má dúró kó pè yín. Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ lè san lọ́sẹ̀, kó kéré, kó sì dájú. Mo fún tèmi ní kréètì mẹ́wàá lọ́sẹ̀ dípò owó, ó ń tà á níbi ìsọ̀ ẹ̀, ó sì ń fún mi ní premix títí nǹkan fi dẹ̀. Ẹ má lọ yá owó elélé láti fi bọ́ adìẹ tí ò yé. Lọ́dún yẹn, CBN gbé owó 50 bílíọ̀nù náírà kalẹ̀ nípasẹ̀ báńkì NIRSAL fún ìdílé àti okòwò kéékèèké, àwọn tó ní ìwé ìṣirò, BVN àti àkáǹtì tó ń ṣiṣẹ́ ló lè dá a lóhùn. Torí náà ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, fíìdì tó lọ, ẹyin tó wọlé, èyí tó kú, èyí tẹ́ ẹ tà.

Ó wá ku ìgbà tẹ́ ẹ máa kó ọmọ adìẹ míì wọlé. Ọmọ ọjọ́ kan tẹ́ ẹ bá gbà lónìí, ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ló máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Àwọn tó ta gbogbo adìẹ wọn lóṣù kẹrin 2020, tí wọn ò sì kó òmíràn sí i torí ẹ̀rù, ìgbà tí Kérésìmesì dé tí ẹyin wọ́n, kò sí ẹyẹ kan nínú kéèjì wọn. Ẹ má kó ẹgbẹ̀rún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kó 300, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ kó 300, kí ẹyin má dá lọ́wọ́ yín, kí gbèsè ọmọ adìẹ má sì wọ yín lọ́rùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bróílà náà, ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ẹ má so gbogbo ẹ̀ mọ́ ọjọ́ ọdún kan.

Tẹ́ ẹ bá ní adìẹ nílẹ̀ báyìí, ẹ lọ wá tọ́ọ̀ṣì àti òwú, tó bá di alẹ́ òní ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kéèjì àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún.